Òkúta Orí Òkè àti Àtíbàbà Àsàbí

Ẹ kú ilé o, Ìyá Láṣùn, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí dàgbà. Ẹ kú ìtọ́jú agboolé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bọ́lá ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́ láti ìlú Áyálàǹdì níbí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ṣúgà sí i.

Òjò ibí kì í rọ̀ kó dá, ńṣe ló ń sẹ̀ ṣáá. Bọ́lá a lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi a jókòó ti fèrèsé, n kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohùn yín nínú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ránṣẹ́, pé ìyàwó Láṣùn fẹ́ máa pàtẹ iṣu sábẹ́ àtíbàbà Àsàbí lójú ọ̀nà Ìrẹsà. Inú bí mi. Ṣebí nígbà tí a sin Àsàbí ìyàwó mi tán, mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀? Ìdí nìyẹn tí n kò fi fèsì.

Ní Sátidé, Bọ́lá ní ìjókòó yóò pa mí, ó mú mi lọ gun àwọn òkè kan tó tò létí òkun. Gbágungbàgun ni wọ́n, àpáta àti ẹ̀gún. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ṣí mi ní fìlà. Òkun ń bú nísàlẹ̀, àgùntàn ń jẹ lẹ́bàá ọ̀gbun bí ẹran tí kò lólówó. Orúnkún ń dùn mí, n kò jẹ́ kí Bọ́lá mọ̀.

Nígbà tí a dé òkè téńté, mo rí òkúta tí wọ́n kó jọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bi Bọ́lá pé ọjà dà, àbí olè ti kó o? Ẹ mọ̀ pé bí Àsàbí bá fẹ́ wọ oko, á to iṣu sílẹ̀, á fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye tó ń tà á, ẹni tó bá rà á á fowó síbẹ̀. Bọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ń sinmi níbẹ̀ ní kí ló dé, Bọ́lá sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi fún un. Bàbá náà ní àwọn tó ń gòkè ló ń fi òkúta kọ̀ọ̀kan kún un, pé ká ní òun mọ̀ pé oníbàárà ń bọ̀ ni, òun ìbá ru ànàmọ́ wá. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Àsàbí ti kú. Nígbà tí n ó fi wo Bọ́lá, ẹkún ló ń sun. Mo ṣa òkúta kan, mo fi lé e.

Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń rò ó pé koríko á ti bo àtíbàbà yẹn.

Ẹ sọ fún ìyàwó Láṣùn pé kó máa lò ó. Kó pààrọ̀ imọ̀ ọ̀pẹ orí rẹ̀ kí òjò tó dé. Òkúta Àsàbí wà nínú igbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé oko. Òun ni kó fi máa tà, kó má ṣa òmíràn.

Ẹ bá mi kí Láṣùn àti gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á dá yín sí dè mí.

Èmi ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Àkànní