Ta Ló Ń Ṣájì Fóònù Olóògbé?

Irọ́ ni onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì ń pa! Bó bá pè ọ́ tó ní ẹ̀rù ló lé bàbá rẹ kúrò nínú ìjọ, sọ fún un pé èmi oníṣájì, tí mo ń ṣájì fóònù gbogbo abúlé, tí mo fọwọ́ kan bátìrì tí mo ti mọ àìsàn tó ń ṣe é, ẹ̀rù kì í ba irú wa. Òun tó jẹ́ pé bí okùn gìtá bá já, á ní èṣù ló já a!

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré, ṣé ara ń le? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ẹ níṣẹ́ ìránṣọ ò fojú gún ẹ bí abẹ́rẹ́ mọ́? Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àwa ńbí wà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ń jò, ewúrẹ́ wa sì jẹ wáyà ṣájà kan, látìgbà náà ló ti ń wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn ayé.

Ìwé rẹ dé. O ní ikọ́ yẹn ò lọ, ẹ̀jẹ̀ ti ń bá a jáde, àmọ́ ò ń dúró de àdúrà ọ̀sán tí Olùṣọ́ ìjọ wa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò, èmi tí mi ò jókòó pẹ́ ní kíláàsì.

Ìṣojú mi ni wọ́n ti sin Olùṣọ́. Èmi gan-an ni mo ki fóònù wọn bọ àpò ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ wọ inú pósí. Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, fóònù gbogbo ìjọ dún. Ohùn wọn ni, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń húkọ́ kí wọ́n tó pe Jésù. Wọ́n pè mí ní oníṣájì, wọ́n ní àwọn rí ìyá rẹ lórí àìsàn, ó ń dìde. Ìjọ kígbe àmín. Èmi náà rò pé nẹ́tíwọ̀kì ọ̀run ló dáa ju tiwa lọ. Àmọ́ bátìrì wo nìyẹn, tí ò kú nínú ilẹ̀?

Mo fẹ́ gbé ìyá rẹ lọ sílé ìwòsàn. Àwọn alàgbà ní ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lójúkojú ti sọ̀rọ̀, kí ni mo ń wá lọ́dọ̀ dókítà. Mo gbọ́ tiwọn. Ìyá rẹ kú. Lọ́jọ́ tá a sin ín, erùpẹ̀ ṣì wà léèékánná mi, ohùn náà ní òun rí i tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń rẹ́rìn-ín. A ti gbé bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún síta, àmọ́ mo ṣì wo ibi tó wà. Ìjọ kígbe àmín. Àwọn tó bá mi sin ín o! Àmín yẹn ló lé mi, kì í ṣe ẹ̀rù.

Mo lọ dúró sórí ibojì Olùṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe nọ́ńbà wọn. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pẹpẹ ló ti dún. Ẹnì kan gbé e, ó húkọ́. Ni akọ̀wé ìjọ bá sáré bá mi níta, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé kí Olùṣọ́ tó kú, wọ́n ti gba àdúrà sílẹ̀ fún olúkúlùkù sórí ẹ̀rọ, pé àwọn ti yọ síìmù kí n tó sin fóònù, kí agbo má bàa tú ká. Mo ní ta ló wá gbé ìpè mi? Ó ní kò sẹ́ni kankan níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ òun. Òun náà ò wo ilẹ̀kùn yẹn mọ́.

Mo ṣì ń gbàdúrà o, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan. Ọlọ́run ò tíì dá mi lóhùn, àmọ́ kò tíì purọ́ fún mi.

Lánàá ohùn yẹn dárúkọ rẹ. Ó ní òun rí ẹ, o ti ń dìde. Nígbà tí Olùṣọ́ wà láyé, ikọ́ ò tíì mú ẹ. Ọmọ mi, má dúró de ọ̀sán. Kí ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ lọ sílé ìwòsàn báyìí. Tára rẹ bá yá, wá owó páànù díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, torí ta ló máa gbé fóònù wá fún oníṣájì tó pa tiẹ̀? Ẹni tí mi ò rí á dá ẹ sí fún mi. Wàá sin mí, mi ò ní sin ẹ́.

Mo ti pa fóònù mi. Bí nọ́ńbà mi bá pè ọ́, èmi kọ́.