Ìdí Tí N Kò Fi Lè Sọ Ọ́ Di Àbúrò Ọmọlará

Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 1992.

Olúdayọ̀ ọmọ mi,

Ìdánwò ni ohun tí ó dùn mọ́ ọkàn ènìyàn, tí ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe, síbẹ̀ tí ó ń wá àlàyé tí yóò fi ṣe é. Bí kò bá dùn mọ́ ọ, wàhálà lásán ni. Bí o kò bá mọ̀ pé kò yẹ, àṣìṣe ni. Lẹ́ńtì ni ogójì ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ ṣáájú Àjíǹde kí a lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣàlàyé èyí kí n tó kí ọ nítorí ó ti pé ọdún mẹ́ta tí o ti ń sọ pé Èkó kò fún ọ láyè ṣe Lẹ́ńtì, mi ò sì mọ èyí tí o ti gbàgbé níbẹ̀.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ pákó tí ẹ ń là ní Makoko ń lọ déédéé, ṣé onílé yín ní Mushin kò yọ yín lẹ́nu? Igi kò ní wó lù ọ́, ayùn kò ní yà bà ọ́ lọ́wọ́, omi ọ̀sà kò ní gbé ọ lọ. Olúwa tí ó gbà ọ́ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ tí mo bí ọ kò ní sọ ọ́ nù. Àmín.

Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n fi áṣáà sílẹ̀ fún Lẹ́ńtì, ṣùgbọ́n ìgò rẹ̀ tó ṣófo ṣì wà nínú àpò wọn, wọ́n a ṣí i, wọ́n a gbóòórùn rẹ̀, wọ́n a sì dé e padà. Mo béèrè lọ́wọ́ àlùfáà bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni, ó ní òun yóò ronú sí i. Èmi fi ṣúgà àti mílíìkì sílẹ̀, tíì dúdú ni mò ń mu láràárọ̀, kò sì dùn rárá.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi kọ̀wé nìyí. Ní ọjọ́ Ajé, Sylvester tí kóòṣì bọ́ọ̀lù yín rán wá dé, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ ti wí, tí o ní kí n kàn fọwọ́ sí ìwé tí yóò mú wá, kí n má ṣe ìyọnu àtikà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ̀wàáhù. Ó kí wa dáadáa, ó sì gbé agolo mílíìkì mẹ́fà àti páálí ṣúgà kan kalẹ̀ níwájú mi, nínú Lẹ́ńtì! Lẹ́yìn náà ni ó yọ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ọdún 1975 ni a bí ọ. Àánú ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ṣe mí. Mo mú báírò pupa, mo fagi lé e, mo kọ 1970 sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí mo ti máa ń ṣe fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́dọ̀ mi, mo sì jókòó ti Sylvester láti ṣàlàyé pé ìwọ̀n ọmọ, wákàtí tí ó dé àti orúkọ ìyá ni a fi ń mọ̀ pé a kò ṣì wọ́n kọ. Pọ́n-ùn méje àti ọ́ùnsì mẹ́rin ni ìwọ.

Ó nu ojú. Ó ní, Mama, ẹ má bínú, ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ti ilé. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti ń ka tiẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a ni. Mo ní hà, bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù kìíní 1970 ni ìwọ ti ń ta ẹsẹ̀ nínú mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà o tún fi oṣù márùn-ún dàgbà sí i. Sylvester ká fọ́ọ̀mù tí mo fi báírò pupa kọ sínú àpò rẹ̀. Ó fi fọ́ọ̀mù mìíràn tí ó mọ́ sílẹ̀, ó ní òun ń padà bọ̀ ní Ọjọ́rú, kí n fọwọ́ sí i, kí n sì jẹ́ kí rẹ́jísítà tí mo ń kọ ìbí àwọn ọmọ sí bá a mu, nítorí wọ́n lè wá wò ó. Ó ní ẹ̀rọ fáàsì ni wọn yóò fi rán an lọ sí òkè òkun, pé inú wáyà fóònù ni ìwé ń gbà lọ. Iṣẹ́ Olúwa pọ̀! Mo ká fọ́ọ̀mù náà tínńtín kí ó lè rí wáyà gbà.

Ọmọlará àbúrò rẹ ni ó la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ó ní, Màámi, irọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ẹ pa, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún nìkan ni wọn yóò fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Olúdayọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìgbà tí ó yé mi gan-an ni ó wá dùn mọ́ mi. Mo rí ọ lókè nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo rí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó ọmọ ni mo ti gbẹ̀bí wọn, mi ò ṣi ọjọ́ kan kọ rí, ṣé Olúwa kò ní fojú fo òǹkà kan ṣoṣo ni? Ní òwúrọ̀ àná, Ọjọ́rú, mo mú abẹ fẹ́lẹ́, mo ṣí rẹ́jísítà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í họ òdo 1970 kúrò.

Mo ti họ ọ́ dé ìdajì kí n tó rántí pé 1973 ni mo bí Ọmọlará. Mo pè é, mo sì ṣàlàyé fún un pé bí mo bá parí ohun tí mò ń ṣe, òun ni yóò di ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín, ó ń jó. Ó ní Olúdayọ̀ yóò máa pe òun ní Àǹtí, yóò máa dọ̀bálẹ̀ kí òun láàárọ̀, òun kò sì ní pọn omi mọ́ bí o bá wálé. Bàbá rẹ pariwo láti inú yàrá pé ta ni yóò wá máa kọ́kọ́ mú ẹran. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, màá sún Ọmọlará lọ sí 1978. Ẹ̀rín ọmọ náà dáwọ́ dúró, ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wo ni yóò lọ jókòó ìdánwò Jáàǹbù? Mo tún wo ojú ìwé náà, mo rí Lucy tí a bí ní ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ, tí ó ti bímọ méjì báyìí. Òun náà yóò sún, kí ọjọ́ inú ìwé lè tò tẹ̀ léra. Mo ti ka ọmọ mẹ́tàdínlógún tí màá gbé kúrò láyè wọn, mo sì ń wá abẹ tuntun, nígbà tí bàbá rẹ jáde lọ, tí wọ́n sì mú lẹ́tà rẹ kejì bọ̀ láti ilé ìfìwéránṣẹ́.

Mo kà á lórí ìdúró. O ní ní ọjọ́ tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, o yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Sùúrùlérè lẹ́yìn tí ẹ gbá bọ́ọ̀lù tán, o jókòó sẹ́yìn tìwọ ti jẹ́sì, wọ́n ń ka bí Èṣù ṣe gbé Jésù lọ sí orí òkè gíga tí ó ń fi gbogbo ayé hàn án, ọkọ̀ òfuurufú sì ni ìwọ rí. O ní o padà lọ ní Sunday, o tún lọ ní èyí tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni o tọ kóòṣì lọ, o sọ iye ọdún rẹ. Ó ní ṣé orí rẹ pé ṣá, ta ló bi ọ́? Ó ní kí o bọ́ jẹ́sì lójú gbogbo ènìyàn, o sì fi síńgílẹ́ẹ̀tì rìn gba Ìdí-Òro dé ilé ní Mushin, tí àwọn ọmọkùnrin ń tẹ̀ lé ọ pé, Bíṣọ́ọ̀bù Ìdí-Òro, ẹ súre fún wa! O ní o súre fún wọn. Nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ni o ti kọ ọ́ pé, Màámi, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ sí i, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, ẹ má jẹ́ kí ó di tiyín.

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi tí mo kọ́ ọ ní Àdúrà Olúwa, tí mo ń gbààwẹ̀ ṣúgà, ìwọ ni o gbà mí. Ọmọ tí ó pàdánù ohun tí ó ti ń fẹ́ láti kékeré, tí ìyá rẹ̀ ni ó sì kọ́kọ́ rò, inú mi dùn pé èmi ni mo bí i. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbé ọ ga tó bí ojú mi ṣe gbé ọ báyìí.

Mo fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo tí mo họ pé: èmi ni mo bà á jẹ́, 1970 ni. Mo fọwọ́ sí i, àlùfáà náà sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí Sylvester padà dé, mo fún un ní fọ́ọ̀mù pẹ̀lú ọdún tòótọ́, mo da mílíìkì àti ṣúgà rẹ̀ padà. Ó ní, Mama, ẹ ti ba ayé ọmọ yín jẹ́. Mo ní ayé ọmọ náà wà nínú ìwé mi, pẹ̀lú wákàtí àti ìwọ̀n rẹ̀, kò sí ibi tí ó bàjẹ́ níbẹ̀.

Owó tí mo fẹ́ béèrè kò pọ̀, ti fọ́ọ̀mù Jáàǹbù Ọmọlará ni. Fi rán awakọ̀ tí ó ń bọ̀ nílé, má fi sí báńkì, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n máa ń tilẹ̀kùn ní Sátidé àti Sunday, mi ò fẹ́ kí owó náà dá wà níbẹ̀.

Olúwa yóò fún ọ ní jẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò ní lè bọ́ lọ́rùn rẹ. Bí o ti ń wọlé, bí o ti ń jáde, yóò máa bá ọ lọ. Ní ti ìwé mìíràn tí wọ́n bá tún gbé wá fún ọ ní Èkó, ohun tí wàá ṣe nìyí: má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Gbé e délé, kí ilẹ̀ mọ́ ná, kí o tó jẹun, dúró kí o kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo jókòó níwájú rẹ. Ibi tí ohùn rẹ bá ti rẹlẹ̀, fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí o sì dá ìwé náà padà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abígẹ́ẹ̀lì Bọ́lárìnwá, agbẹ̀bí.