Ọjọ́ tí Mereana Ní Ká Má Wọ Adágún

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Òpópónà Etí-Omi,
                                        Waikōmanu,
                                        Gúúsù New Zealand.
                                        Ogúnjọ́, Oṣù Èrèlé, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Morag,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ooru Fremantle. Mo gbọ́ nínú ìròyìn pé oòrùn ti ń yan ènìyàn bí àgbàdo lọ́dọ̀ yín. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti gbà fún yín láti máa gun àtẹ̀gùn, àbí ọkọ yín, Clive, lẹ ṣì ń rán lókè ní gbogbo ìgbà? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn wọn ti ń rìn, pé kò sì sí ohun tó wà lórí tábìlì tí kì í wọ́ sílẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú wọn. Àwa níhìn-ín ò ṣàìsàn. Hinewai ìyàwó mi ń kí yín. Òun àti àlùbọ́sà rẹ̀ ni mo ń bá gbé. Àlùbọ́sà tó kórè, tó kó síbẹ̀, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú gáréèjì.

Mo mọ̀ pé Hinewai ti pè yín lórí fóònù, ó sì ti sọ fún yín pé mo dójú ti ara mi níwájú irínwó ènìyàn. Kò purọ́. Àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Ìdajì tó kù ló ń mú mi rìn láàárín ìlú yìí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Ẹ rántí pé mo pé ọmọ ọgọ́ta ọdún nínú Oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó kò ni mo ti búra pé n óò bá wọn lúwẹ̀ẹ́ nínú ìdíje adágún tọdún yìí, láti Èbúté Àpáta wá sí etí omi ìlú wa, kìlómítà mẹ́ta gbáko. Ẹ̀yin gba ife rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá wa wẹ̀ ẹ́ nígbà mọ́kànlélógún. Èmi nìkan ni mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀, tí mò ń pariwo mọ́ àwọn tó ń wẹ̀. Ó ti sú mi.

Èmi àti Desmond tó ń ṣe búrẹ́dì la jọ bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Ẹrẹ́nà. A bá wọn sáré orí òkè nígbà tí ewé ń rẹ̀. Nínú Oṣù Agẹmọ, láàárín òtútù, ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀yìn oko Tulloch dì gbagidi, gbogbo ìlú kó òkúta àti ìgbálẹ̀ wọn jáde láti ṣe eré títi òkúta lórí yìnyín, kí ìgbálẹ̀ máa la ọ̀nà fún un, bí ti àtijọ́. Desmond ṣubú fi ìdí jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn ọmọdé sì ń bá a kà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà la tún wọ adágún. Ẹ̀gbọ́n mi, omi yẹn kì í ṣe omi, abẹ ni. Nígbà tí wọ́n ṣí àkókò ìpẹja nínú Oṣù Bélú, àwọn apẹja ń bú wa látinú ọkọ̀ wọn pé kí àwa arúgbó méjì yìí yé lé ẹja àwọn. À ń wẹ̀ lọ ni.

Ní ti Mereana, ọmọ mi tí í ṣe ọmọ yín, ẹ mọ̀ pé orí òkè yìnyín ló máa ń wà nígbà òtútù, tó ń gbé àwọn tó kán lẹ́sẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Tó bá di ìgbà oòrùn, á bọ́ sórí adágún. Nínú Oṣù Ọ̀wàrà, ìgbìmọ̀ ìdíje náà fi ààbò gbogbo orí omi lé e lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Obìnrin kankan ò tíì ṣe é rí. Àwọn kan kùn pé ọmọdé ni. Mo bá wọn jà lójú gbogbo ènìyàn, àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo rò pé èmi ni n óò máa sọ ohun tó máa ṣe sí i létí.

Ọjọ́ ìdíje, Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù yìí, ilẹ̀ mọ́ rekete. Adágún tẹ́jú bí epo inú àwo. Láti aago méje ni ọkọ̀ ti ń kó wa sọdá sí Èbúté Àpáta. Nígbà tó fi máa di mẹ́sàn-án, irínwó ènìyàn ti tò sẹ́yìn okùn tí wọ́n ta sí etí omi, nínú aṣọ rọ́bà dúdú. Àwọn ọmọ iléèwé mẹ́rìndínlógún ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, wọ́n wà níwájú, wọ́n ń ti ara wọn.

Mereana wà lórí ọkọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àwọn òkè ìwọ̀ oòrùn. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún ká bẹ̀rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀, ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága ìgbìmọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, a ò ní wẹ̀ lónìí,” ó ní. “Ìjì ń bọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ omi. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá kó yín gba orí ilẹ̀.”

Ariwo ta. Ìjì wo? Ewé kan ò mì. Ọkùnrin kan tó wá láti Auckland ní òun ò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń sá fún oòrùn rí. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n lọ pe àgbàlagbà kan wá. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ ni mo ti ba ara mi jẹ́. Mo jáde síwájú, mo ní, “Mereana, èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń wo òkè yẹn. Ìjì yẹn ò lè dé kó tó di ọ̀sán. Jẹ́ ká yára wẹ̀ ẹ́, ká parí ẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lóòótọ́, Bàbá mi. Ẹ tún un wò. Ẹ wo eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé dìde níbi tí odò ti ń wọ adágún.”

Mi ò wò ó. Ọdún kan gbáko ni mo fi múra, ojú mi ò fẹ́ rí eruku. Mo ní, “Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà! Mo ti ń wẹ̀ nínú omi yìí kí n tó mọ ìyá ẹ!”

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Orí mi wú. Ọmọ yín wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

“Ọ̀gbẹ́ni Lindsay,” ó ní, “ẹ bọ́ sẹ́yìn okùn.”

Ọ̀gbẹ́ni Lindsay! Ọmọ tí mo pọ̀n gun òkè! Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo já fìlà rọ́bà kúrò lórí, mo là á mọ́lẹ̀, mo bọ́ sẹ́yìn okùn.

Desmond ò bọ́ sẹ́yìn ní tiẹ̀. “Fergus, ìwọ lo bẹ̀rù ọmọ ẹ o, kì í ṣe èmi,” bó ṣe wí nìyẹn, ló bá bẹ́ sómi. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Mereana bẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi dí àwọn méjì yẹn lọ́nà, ó sì dá wọn padà sórí ilẹ̀. Kó tó ṣe èyí tán, Desmond ti jìnnà, ó ń wẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kíákíá.

Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí Mereana sọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ìjì náà. A gbọ́ ọ ká tó rí i: ó ń hó bọ̀ bíi rélùwéè. Lẹ́yìn náà ni orí adágún lọ́hùn-ún di funfun, tí funfun náà sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ orúkọ fò lọ sínú igbó. Ìgbì tó ga tó èjìká ọkùnrin ń lu àpáta. Ká ní a bẹ̀rẹ̀ lásìkò tí a dá, àárín gbùngbùn omi yẹn gan-an ni àwọn ọmọ mẹ́rìndínlógún náà ì bá wà. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀gbẹ́ni ará Auckland di ìyàwó rẹ̀ mú.

Mereana ti darí ọkọ̀ sọ́dọ̀ Desmond. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti Hinewai. Mo dúró, mò ń wo ọkọ̀ pupa kékeré yẹn: ó yọ, ó rì sáàárín ìgbì, ó tún yọ. Ó tún rì, kò yọ mọ́. Mo kà á dé mọ́kànlá kí n tó rí i. Mi ò mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni mò ń ké, àfi ìgbà tí obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí dì mí lápá mú.

Ó gbé e dé. Ètè Desmond ti dú bí aró. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Mereana, jọ̀ọ́, má sọ fún ìyàwó mi.”

“Ìyàwó yín ló ń sáré bọ̀ yẹn,” ni Mereana wí, ó ń fi aṣọ wé e.

Oúnjẹ ò mọ̀ pé a ò díje. Láti ìdájí ni àwọn ẹbí Hinewai ti ri ẹran àgùntàn àti ọ̀dùnkún mọ́lẹ̀ pẹ̀lú òkúta gbígbóná kó lè jinná. Bọ́ọ̀sì kó wa dé ìlú, gbogbo wa sì fún ara wa mọ́ inú gbọ̀ngàn, ìjì ń jó lórí páànù. Alága ní kò sí ife fún ẹnikẹ́ni lónìí, ó wá béèrè bóyá a rí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Mo dìde.

“Ẹ̀yin ará,” mo ní, “èmi ni mo pariwo jù láàárọ̀ yìí. Àkísà pọ̀ lọ́rùn mi lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ì bá nu omijé ojú àwọn òbí ọmọ mẹ́rìndínlógún. Mereana, dárí jì mí. Mi ò sọ ọ́ bíi bàbá ẹ o. Mò ń sọ ọ́ bí ẹni tó yẹ kó ti bọ́ sẹ́yìn okùn láìjẹ́ pé wọ́n lé e.”

Ọ̀dùnkún kún ẹnu ọmọ yín. Ó gbé e mì.

“Mo ti gbọ́, Ọ̀gbẹ́ni Lindsay. Ẹ jókòó, ẹran yín ń tutù.”

Ẹ̀rín tó bẹ́ nínú gbọ̀ngàn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ìjì. Àmọ́ nígbà tí èmi àti ẹ̀ jọ ń fọ abọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé orí lé èjìká mi, ó ní, “Bàbá mi, tí ìjì yẹn ò bá wá dé ńkọ́?” Mo ní tí kò bá dé, òun náà ló ṣì tọ̀nà, èmi ni ǹ bá má mọ̀ ọ́n títí n óò fi kú.

Ìjẹta, ọjọ́ Àìkú, la wá padà ṣe ìdíje náà. Mo wẹ̀ ẹ́ parí. Ènìyàn mẹ́rin péré ni mo ṣáájú dé etí omi ìlú wa, ọ̀kan nínú wọn sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, nítorí náà ẹ má fi mí yangàn fún àwọn aládùúgbò yín. Desmond ló ń pín aṣọ ìnura. Ìyàwó rẹ̀ ti kà á léèwọ̀ fún un láti fi ẹsẹ̀ kan omi títí di Àjíǹde. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ṣẹlẹ̀ ká tó wọ omi rárá. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló padà wá, ará Auckland wà lára wọn. Mereana dúró lórí àpáta, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo òkè. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kùn, kò sí ẹni tó wo aago. Nígbà tó yíjú padà, mi ò wo ojú ọ̀run. Ojú ọmọ mi ni mò ń wò, bí gbogbo wọn ṣe ń wò ó.

Ó mi orí sí wa. A wọ omi.

Ẹ bá mi kí Clive dáadáa, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ-ọmọ lẹ́nu fún mi. Hinewai ní yàrá yín ti wà ní títẹ́ sílẹ̀ de Oṣù Agẹmọ, kí ẹ má gbàgbé aṣọ òtútù. Mereana ní kí n kí yín, pé tí ẹ bá dé, kí ẹ má rò pé orúkọ yín lára ife máa jẹ́ kí òun gbà fún yín láti wọ omi láìgba àṣẹ.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbàgbé yín,
Fergus,
Bàbá Mereana.