Máàkì Mẹ́jọ fún Ọtí Kíkorò

Ìyá Ìbejì mi,

Ara mi le koko. Ikọ́ tó dá mi dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá ti lọ. Nǹkan kékeré kan ló mú dání lọ, kò tó ohun à ń sunkún sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Níbi ìpọntí tí mo ti ń fọ àgbá, ọ̀gá wa pọn bíà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Áì-Pí-Éè. Òdòdó kíkorò ni wọ́n fi ń pọn ọ́n. Ó bu fún gbogbo wa, ó ní ká fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Awakọ̀ wa fún ojú pọ̀ bí ẹni jẹ ewúro. Mẹ́ta ló fún un. Akọ̀wé ní òun ń gbọ́ òórùn èèpo ọsàn nínú ẹ̀, ó fún un ní mẹ́sàn-án. Èmi gbé tèmi mu bí omi, n ò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo wo ojú ọ̀gá, mo ní mẹ́jọ, pé èmi náà gbọ́ òórùn ọsàn yẹn.

Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, èmi ni n ó máa tọ́ ọtí wò fún òun. Ìgbéga nìyẹn, àbí? Má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ṣá.

Fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Bá mi kí Màmá, kí o sọ fún wọn pé ata tí wọ́n gún ránṣẹ́ ṣì ń ta dáadáa. Omi ń dà pòròpòrò lójú ẹni tí a jọ ń gbé yàrá, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀, torí ahọ́n tèmi ò sọ nǹkan kan fún mi.

Èmi ni,
Bàbá àwọn ọmọ rẹ.