Aṣọ Sójà tí Ìyàwó Mi Lọ̀ Gbẹ̀yìn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹni tí mo máa ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ti wà nínú ilẹ̀... ìyàwó mi ni. Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun. Mo ti ka NCE kí n tó wọṣẹ́ sójà. Bọ́ǹbù tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lókè Ọya ló gba etí mi ọ̀tún, wọ́n sì ní kí n máa lọ sílé. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ò sí. Ilé ìwé aládàáni kan nítòsí Akẹ̀sán fẹ́ gbà mí, àfìgbà tí ọ̀gá ibẹ̀ gbọ́ pé mo ti ṣe sójà rí. Ó ní àwọn òbí á máa bẹ̀rù, pé orí ẹni tó togun dé kì í sábà pé.

Ìyàwó mi ò jẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ pé mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sójà. Ó ní Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ká dúró dìgbà tí mo bá ríṣẹ́. Tá a bá ń lọ kí wọn, á lọ aṣọ sójà mi, á ní kí n wọ̀ ọ́, aṣọ tí kò tọ́ sí mi mọ́... Iṣẹ́ ò dé, ikú ló dé. Títí dòní, Màmá ń dárúkọ mi nínú àdúrà ìrọ̀lẹ́ pé kí Ọlọ́run pa mí mọ́ lójú ogun. Tí mo bá wà lọ́dọ̀ wọn, èmi á sì ṣe àmín.

Àbúrò ìyàwó mi, ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, parí yunifásítì, kò ríṣẹ́. Ó ní sójà lòun náà fẹ́ ṣe, ṣebí iṣẹ́ ọ̀hún ni Bọ̀ọ̀dá fi ń jẹun. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń sàlúùtù mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá gbà nítorí tèmi. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, wọ́n á gbàdúrà fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fẹ́ kí n wọ yunifọ́ọ̀mù wá dúró tì í. Màmá di ọwọ́ mi mú: "Sójà mi, ọ̀kan ti lọ. Èyí tó kù, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o."

Tí mo bá sọ òótọ́, ọmọ tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ á di òpùrọ́ nínú ilẹ̀, kò sì sí níbí láti gbèjà ara rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Tọ́mọ yìí bá lọ tí kò padà? Tó bá padà, ṣé irú ìjókòó tí mo jókòó yìí ló ń bọ̀ wá jókòó?

Aṣọ náà wà lára ògiri bí mo ti ń kọ èyí. Ojú áyọ́ọ̀nù ìyàwó mi ṣì wà lápá rẹ̀... mi ò tíì wọ̀ ọ́ látìgbà tó ti lọ̀ ọ́ kẹ́yìn, kó má bàa rún. Ṣé kí n wọ̀ ọ́ lọ ni, àbí kí n gbé e lọ́wọ́ lọ bá Màmá kí n jẹ́wọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òkú àti alààyè, ta ni kí n dà?