Ahun Inú Àkùrọ̀ Bàámi

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.

Ọkàn mi ò balẹ̀.

Láàárọ̀, lẹ́yìn òjò, ahun omi kan jáde nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ wa ní Àgídìngbì. Mẹ́gáádì wa ní, "Màdáàmù, ọbẹ̀ rèé!" Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e sínú báfù, ó di odò Ògùn. Ibi tí omi ti ń ṣàn dáadáa ni mo tú u sílẹ̀ sí. Inú mi dùn débi pé mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun.

Wọ́n ní, "Ṣé igbá ẹ̀yìn ẹ̀ le àbí ó rọ̀?"

Mo ní ó le.

"Háà! O ti gbàgbé ohun tí Bàámi kọ́ wa? Ẹlẹ́yìn rírọ̀ ló ni odò ńlá. Ẹlẹ́yìn líle, ẹrẹ̀ nilé ẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á ri ara ẹ̀ mọ́bẹ̀, á máa retí òjò."

Mo wá rántí Bàámi nínú àkùrọ̀ wọn, tí wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá ahun nínú ẹrẹ̀, tí àwa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn.

Ibi tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ wa lé gan-an ni àkùrọ̀ yẹn.

Ahun yẹn ò ṣìnà. Òun nìkan ló ṣẹ́kù tí kò tíì kó kúrò lórí ilẹ̀ Bàámi, èmi ọmọ wọn ni mo sì lé e jáde.