Ẹni Tó Kọ̀ Láti Fi Irin Sílẹ̀ Lóko: Ìgbésí Ayé Olóògbé Orysia Tweedie

Ní oko àlìkámà kan lẹ́bàá ìlú Canora, ní Saskatchewan lórílẹ̀-èdè Kánádà, ni a ti bí Olóògbé Orysia Tweedie lọ́dún 1953. Metro àti Paraska Hrynchuk ni òbí wọn. Àwọn bàbá ńlá wọn ló ti Ukraine wá, tí wọ́n ṣán oko náà.

Ní gbogbo ìgbà tí yìnyín bá yọ́, ilẹ̀ á ti òkúta tuntun sókè, àwọn ọmọ ni í ṣà á kí àgbẹ̀ tó fúnrúgbìn. Lọ́dún 1964, Orysia gbàgbé ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń hú òkúta sínú oko, irin náà sì ba ẹ̀rọ ìkórè tí aládùúgbò yá wọn jẹ́. Bàbá Orysia kò lo pàṣán. Wọ́n gbé irin náà sórí tábìlì, wọ́n ní: “Òkúta, ilẹ̀ ló ni ín. Irin yìí, ìwọ lo gbé e wá.”

Lẹ́yìn ilé-ìwé, wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ojú òfuurufú lọ́dún 1972. Lọ́dún 1978 wọ́n fẹ́ Clarence Tweedie, mẹkáníìkì, ní North Bay. Ìjọ Kátólíìkì àwọn ará Ukraine ni wọ́n ń lọ. Wọn kì í pa ìpàdé akọrin jẹ, wọn kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni pẹ́ dé.

Lọ́dún 2013, lẹ́yìn tí wọ́n ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, a pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, nídìí sátẹ́láìtì àwọn ológun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wò. Àwọn nǹkan tó ń yí ayé po ló ń ṣọ́, àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti àfọ́kù, kí wọ́n má baà kọlu ara wọn. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá kéde pé òun rí ohun àjèjì lókè, tí kò sì jẹ́ àjèjì, yóò se oúnjẹ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Màmá, bí gbogbo wọn ṣe ń pe Orysia níbẹ̀, kéde ọ̀kan. Ìdè kékeré tó já lára sátẹ́láìtì tiwọn ni. Wọ́n gbé ìkòkò pirógì wá, ìyẹ̀fun tí àwọn ará Ukraine ń ki ọ̀dùnkún sínú rẹ̀. Luc Delorme, ọ̀gá kékeré kan, ní: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣàṣìṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!” Màmá kò rẹ́rìn-ín. “Irin tiwa ni,” ni wọ́n wí.

Lọ́dún 2022, ara sátẹ́láìtì náà ń kú lọ. Jẹjẹrẹ sì ti wọ ara Màmá. Delorme ti di olórí ibẹ̀ nígbà náà.

“Ó ṣì lè yàwòrán fóṣù díẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lò ó gbẹ.”

“Tó bá dití sí àṣẹ wa kó tó gbẹ ńkọ́? Bátìrì rẹ̀ á bú gbàmù, á di ẹgbẹ̀rún àfọ́kù. Ṣé ohun tí a fi ń ṣọ́ pàǹtí náà ló máa di pàǹtí?”

“Ẹ lọ sinmi ná. Ọ̀la lẹ ń gba ìtọ́jú.”

“Mo ti sún un síwájú. Tèmi lè dúró. Ti sátẹ́láìtì kò lè dúró.”

Delorme mí kanlẹ̀, ó fa àga fún wọn. Wọ́n jọ fi àṣẹ ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì náà nígbà tó ṣì ń gbọ́ràn: ó tú agbára inú bátìrì rẹ̀ dànù, ó sì dákẹ́.

Ọkọ wọn Clarence ṣì wà láyé, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn Danylo àti Marnie, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Stefka, àbúrò Màmá. Màmá ní kí a má ra òdòdó. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọlá fún wọn, kó lọ ṣa pàǹtí létí adágún.

Láàárọ̀ tí àìsàn náà mú Màmá lọ, Delorme pè sílé. Ó ní àwọn ẹlòmíràn tó ń ṣọ́ òfuurufú ti rí sátẹ́láìtì náà bó ti ń kọjá. “Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Tweedie pé odidi ni. Kò fọ́.”

Oko mọ́ lẹ́yìn yín, Màmá. Ẹ sùn re o.